Tábúlẹ́ẹ̀tì Àlòkù Tí Olúkẹ́mi Kọ̀ Láti Pààrọ̀

Olúkẹ́mi ní kí á sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní kí á má bù mọ́ ọn, kí á má sì yọ níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ aráyé fi ọ̀rọ̀ òun kọ́gbọ́n kì í fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ní ọ̀rẹ́, àti ẹ̀yin ọkùnrin tí ìyàwó yín ní ọ̀rẹ́, ẹ sún mọ́ wa díẹ̀.

Ilé ìtọ́jú eyín kan ní Libreville ni Olúkẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Ìkìrun ni wọ́n ti bí i, ìgbéyàwó ló gbé e dé Gabon. Libreville ni wọ́n bí Bọ́lárìnwá ọkọ rẹ̀ sí ní tirẹ̀, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń lá àlá. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe kiri ilé àti ọ́fíìsì. Wọ́n ti fẹ́ra wọn fún ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò tíì gbọ́ ẹkún ọmọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Monique, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé ní Okala, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. "Ìyàwó yìí kàn ń jẹun, ó ń kún ṣáláńgá ọmọ mi ni," ló máa ń wí. Ojú Olúkẹ́mi ló sì ti máa ń wí i.

Ohun tí Màmá kò mọ̀ ni pé tọkọtaya náà ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe Olúkẹ́mi. Ọ̀dọ̀ Bọ́lárìnwá ni ìṣòro wà. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí jókòó sínú mọ́tò, ó sì sunkún bí ọmọdé.

"Kẹ́mi, bí Maman bá gbọ́ èyí, mo ti kú," ó wí.

Olúkẹ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò ní jáde lẹ́nu mi, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú mi. Ẹ̀yìn mi gbà á."

Ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbà á lóòótọ́. Èébú tí kì í ṣe tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Àfi ọjọ́ ọdún tuntun kan tí Màmá Monique sọ fún un níwájú àlejò pé kó dìde lórí àga kí abiyamọ lè ráyè jókòó. Ọjọ́ yẹn ló bá ara rẹ̀ ní kíṣìnì Tùmínínú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé Gabon. Ó ń bá a yọ ìpẹ́ ẹja, ó ń sunkún, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Háà! Ọkọ ẹ ni?" Tùmínínú ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn. "Ọ̀rẹ́ mi, ó ti wọ inú mi, ó ti kú síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Olúkẹ́mi mọ òwe yìí dáadáa. Ó kàn gbàgbé pé òun náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni.

Tùmínínú yìí kan náà ló fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ ní PK8, ìjọ àwọn ọmọ Nàìjíríà, Olúkẹ́mi ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n ń tàn sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i kọ. Nígbà tí Tùmínínú ra tuntun, ó gbé àlòkù wá fún un lọ́jọ́ ìsinmi.

"Gbà, fi ṣiṣẹ́ Olúwa. Ó ti darúgbó, àmọ́ ó ṣì ń mí."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń fún ọ̀rẹ́ ní nǹkan láàárín wa. Bí aṣọ ṣe ń kúrò lára ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ti àbúrò ni. Tùmínínú kò pa ohunkóhun rẹ́ nínú nǹkan náà, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ nu nǹkan mọ́ kó tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dà bí ẹni tí kò fọkàn tán an. Wasáàpù rẹ̀ tó so mọ́ fóònù ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ lórí fóònù, gbogbo èyí tí wọ́n bá kọ sí i, ń wọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, níbi iṣẹ́ ni, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Olúkẹ́mi rò pé ohùn orin tuntun ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó ṣí i. Tùmínínú ló ń bá Ornella, akọrin ìjọ wọn, sọ̀rọ̀.

"Kẹ́mi tún wá sílé mi lánàá," Tùmínínú kọ. "Pitié, àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí."

"Ṣé torí ọmọ yẹn náà ni, Tùmí?" Ornella béèrè.

"Ọmọ wo? Ọkọ ẹ̀ ni kò lè bímọ! Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ fẹ́nì kankan o."

"Bọ́lárìnwá? Pẹ̀lú gbogbo irùngbọ̀n yẹn?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi parí rẹ̀, àwọn ojú kékeré tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Aláìsàn kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú dúró níwájú Olúkẹ́mi, ó ń kí i, kò gbọ́.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Ì bá gbé nǹkan náà lọ bá Tùmínínú, kó ní, "Wo ohun tí o fi mí ṣe," kí wọ́n bú ara wọn tẹ́rùn, kó tán síbẹ̀. Tàbí kó lọ kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúnlẹ̀ fún ọkọ, ọkọ á béèrè ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ti jáde, kò sì sí irọ́ tó gùn tó láti bo ìyẹn.

Nítorí náà ó jókòó, ó ń kà.

Lójoojúmọ́ ló ń kà á. Egbò a máa yúnni, a sì máa dùn ún họ. Ó mọ ohun tí Tùmínínú jẹ, ẹni tó bá jà, ẹni tó ń yọ ṣùtì sí. Yóò jókòó tì í ní ìjọ, yóò ní, "Ọ̀rẹ́ mi, aṣọ yìí bá ọ mu o," yóò sì máa wo ẹnu tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó dé ilé, tábúlẹ́ẹ̀tì á ti dún. "Kẹ́mi ní aṣọ mi dáa. Òun náà ì bá ra tiẹ̀, ṣebí kò sí owó ilé ìwé ọmọ tó ń san."

Ohun tó ń dùn ún jù kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé Tùmínínú kì í tilẹ̀ bínú sí i. Ó kàn fi ń ṣeré ni.

"Mo máa san án fún un," Olúkẹ́mi sọ fún ara rẹ̀. "Ẹ̀san tó máa gbà, á rántí mi títí dé sàréè."

Tábúlẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀ ń kú lọ. Iná rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ń wú, ojú rẹ̀ á kàn funfun báláú nígbà tí orin bá dùn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n kọ ẹsẹ kan ṣoṣo nínú orin lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹsẹ kejì tó yọ. Pásítọ̀ Clément fi dẹ́rìn-ín pa ìjọ, ó ní bóyá Ẹ̀mí Mímọ́ ló fẹ́ kí àwọn há ti àkọ́kọ́ sórí ná.

Olúkẹ́mi gbé e lọ sí ọjà Mont-Bouët, sọ́dọ̀ Buraimoh, ọmọ Kétu tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Buraimoh yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sin òkú yìí."

"Bátìrì ni kí o bá mi pààrọ̀."

"Mo lè pààrọ̀ bátìrì. Orí rẹ̀ ni kò pé mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn, ẹ wá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, àbí? Gbogbo ohun tí ẹ tẹ̀ ló ń kó jọ sínú. Tó bá ṣetán, gbogbo ẹ̀ ló máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí n pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó lè fúyẹ́."

Olúkẹ́mi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "O ò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́!"

Buraimoh wò ó. "Ó dáa, Màdáámù. Bátìrì náà ni."

Nínú taksí tó gbé e padà, tí wọ́n há mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpò náà mọ́ àyà. Obìnrin tó jókòó tì í béèrè bóyá ẹyin ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù, Bọ́lárìnwá gbé páálí kan wọlé, tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun, dúdú, tó ń dán. Ó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Cadeau, ẹ̀bùn ni. Jẹ́ kí àgbà yẹn lọ sinmi. Ojú ń tì mí tí mo bá ń wò ọ́ ní ìjọ, tí o ń gbá a létí bí ẹní ń gbá ewúrẹ́."

Ọpẹ́ tí Olúkẹ́mi dá kò jinlẹ̀. "Ẹ ṣé, ọkọ mi. Màá kọ́kọ́ kó àwọn orin kúrò nínú ti àtijọ́ ná."

"Gbé e wá, èmi á kó o. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Mo ní màá kó o!"

Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́lárìnwá yọwọ́. Páálí náà wà níbẹ̀ títí eruku fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó rí i pé ó ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wọ balùwẹ̀. Ó rí i pé tó bá dún, á yí i dojú délẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kẹ́mi, ṣé ọkùnrin ló wà nínú nǹkan yẹn?"

"Ọkùnrin báwo?"

"Dis-moi la vérité, sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni, tó lè fún ọ lọ́mọ, sọ fún mi. Mi ò ní lù ọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ wá. Ó kù kí Olúkẹ́mi yí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà sí i, kó ní, "Ẹ wò ó, mo ṣẹ̀ yín, mo sọ fún Tùmínínú, Tùmínínú sì ti tà wá." Yóò bínú. Ta ni kò ní bínú? Ṣùgbọ́n inú yàrá wọn ni ìbínú náà ì bá mọ.

Ohun tó sọ ni, "Orin ìjọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ò fọkàn tán mi mọ́ ni?"

Bọ́lárìnwá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì o! Olúkẹ́mi sì gbà á, ó ń jẹun lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn jáde pé Tùmínínú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin ní ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ. Àwọn ìyá àgbà ló fà á kalẹ̀. Wọ́n ní ó láròjinlẹ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà. Olúkẹ́mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, nítorí ó ti ka ohun tí aláròjinlẹ̀ náà kọ sí Ornella nípa wọn.

"Àwọn arúgbó yìí ń rùn bí àpótí aṣọ tí wọn ò ṣí rí. Jẹ́ kí wọ́n fi mí jẹ ná, wọ́n á rí mi."

Ìwọ̀nyí náà tún wà níbẹ̀: "Mọ́mì Pásítọ̀ ń kọrin bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. Ọjọ́ tí mo bá di ààrẹ, mo máa gba máíkì lọ́wọ́ ẹ̀."

Ẹ̀san wá ní ọ̀nà. Olúkẹ́mi ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń kó ẹ̀rí jọ fún adájọ́. Ó tò ó tẹ̀lé orin tí wọn yóò kọ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Orin yóò tán, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìyá àgbà yóò rí ara wọn lára ògiri. Yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, Mọ́mì Pásítọ̀ yóò rí tirẹ̀. Yóò wá dúró. Àwòrán ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀lé e, ó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ì bá yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kàn án ni nǹkan náà ń dákú, ẹ̀rù sì ń bà á kí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ má bàjẹ́.

"Màá dúró," ó sọ fún ara rẹ̀. Ta ni kì í sọ pé òun á dúró?

Àwọn àgbà ní kí á fìjà fún Ọlọ́run jà, kí á fọwọ́ lẹ́rán. Olúkẹ́mi ní Ọlọ́run ń pẹ́ jù fún òun.

Àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, òjò rọ̀, ó dá. Bọ́lárìnwá ṣí páálí náà fúnra rẹ̀, ó gbé èyí tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyàwó rẹ̀. Ó ti kó orin sínú rẹ̀ láti inú fóònù tirẹ̀.

"Lo èyí lónìí, Kẹ́mi, s'il te plaît, jọ̀ọ́. Maman ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí nǹkan yẹn dójú tì ọ́ níwájú wọn."

"Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ má ṣèyọnu," Olúkẹ́mi dáhùn. Ó gbé àlòkù, ó jáde.

Ìjọ kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Màmá Monique jókòó sí ìlà kejì, ó wọ awò ojú rẹ̀, Bọ́lárìnwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúkẹ́mi wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, wáyà gùn láti ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ògiri. Ó ní inú òun dùn lọ́jọ́ náà bíi ti ẹni tó ń retí ìyàwó.

Pásítọ̀ Clément pe Tùmínínú síwájú, wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tùmínínú gba máíkì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀, ó kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà. Ó wá yíjú sí ibi tí Olúkẹ́mi wà.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ìyá mi ni. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí màá ṣe bí ààrẹ nìyí: ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wá. Kí Olúwa ṣí inú rẹ̀!"

"Àmín!" gbogbo ìjọ dáhùn. Ti Màmá Monique ló ròkè jù.

Bọ́lárìnwá tẹ orí ba. Tùmínínú, tó mọ òótọ́, tó ti fi òótọ́ náà ṣe ẹ̀rín pẹ̀lú Ornella, di ojú, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń mi orí.

Olúkẹ́mi tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nínú orin ṣì wà lára ògiri. Ó tún un tẹ̀. Kò dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń payín keke, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Yọ! Yọ! Yọ!" Kò rántí Buraimoh, kò rántí ohun tó tò sẹ́yìn. Ojú Tùmínínú nìkan ló ń rí.

Ògiri funfun báláú. Lẹ́yìn náà ni àkọ́kọ́ yọ. Orúkọ Ornella wà lókè, Tùmí ni Ornella sì ń pe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ kà á rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Àwọn ìyá àgbà ń bi ara wọn pé, "Kí ni wọ́n kọ? Àpótí ta ló ń rùn?"

Èkejì yọ. Mọ́mì Pásítọ̀ dìde dúró.

Tùmínínú ṣí ojú. Ó wo ògiri, ó wo Olúkẹ́mi, Olúkẹ́mi sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní kí á kọ ọ́ síbí pé òun rẹ́rìn-ín. Ó ní adùn ìṣẹ́jú yẹn kò ní ẹlẹ́gbẹ́.

Ẹ̀kẹta sì yọ.

Olúkẹ́mi rọ̀ mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó padà, kò padà. Ó fa wáyà yọ, ògiri ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n Màmá Monique, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, kò lè fojú nìkan kàwé. Ó ti kà á jáde ketekete, pẹ̀lú ohùn kíláàsì.

"Ọkọ ẹ̀ ni kò lè bímọ. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́lárìnwá? Pẹ̀lú gbogbo irùngbọ̀n yẹn?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bọ́lá, kí ni mo kà yìí?"

Bọ́lárìnwá dìde. Gbogbo ìjọ ń wò ó. "Òótọ́ ni, Maman. Èmi ni. Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni." Ó rọra kọjá láàárín àwọn àga, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni Tùmínínú ti rí ohùn rẹ̀. Máíkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kẹ́mi! Ìwọ lo ṣe èyí? O fẹ́ ba tèmi jẹ́? Ẹ bi í! Ẹ bi í, ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ fún mi? Ṣé Dókítà ló sọ fún mi ni? Kíṣìnì mi ló ti jókòó, tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!"

Bọ́lárìnwá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Ó yí padà, ó wo ìyàwó rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó ń dúró kó sọ pé irọ́ ni.

Olúkẹ́mi tẹjú mọ́ wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì jáde.

Nígbà tó délé, àpò aṣọ ti wà lórí ibùsùn. Bọ́lárìnwá ń ká ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń ká a dáadáa bó ṣe máa ń ṣe. Olúkẹ́mi kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní èṣù ni, ó ní Tùmínínú ni, ó ní nítorí rẹ̀ ni òun ṣe ń bínú.

"Nígbà wo lo ti mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́?" ó béèrè.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ó sì wà nínú nǹkan yẹn. Nígbà tí mo bi ọ́."

Olúkẹ́mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo rò pé ọkùnrin ni," Bọ́lárìnwá wí. "Ì bá sàn. Ọkùnrin, mo lè bá a jà. Kẹ́mi, ní gbogbo ayé yìí, ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Kò pariwo. Kò bú u. Ó gba iṣẹ́ kan ní ìlú Port-Gentil, ó sì lọ.

Tùmínínú kò di ààrẹ. Ó fi ìjọ sílẹ̀, Ornella tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Olúkẹ́mi ní kí á má purọ́ fún yín: ọjọ́ tó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn títí di ìgbà tó sè oúnjẹ alẹ́, tó bù ú sí àwo méjì. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san kó kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fẹ́ sọ òkò lù. Ó ní nǹkan tó bá ti gbó, kí á pààrọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ìbínú. Àwa náà kò ní ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ láti fi kún un.

Màmá Monique wá láti Okala ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, Olúkẹ́mi ń sáré gbé e dìde, ó kọ̀.

"Ìyàwó mi, foríjì mí. Gbogbo ohun tí mo sọ. Gbogbo ọdún yẹn. O ru ẹrù náà fún ọmọ mi, èmi ò sì mọ̀."

Ohun tí Olúkẹ́mi ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, kò sì dùn mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, Màmá Monique kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láì pè é. Yóò béèrè bóyá ó ti jẹun. Yóò sọ ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, yóò sọ ti òjò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè.

"Bọ́lá pè ọ́ lónìí?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kò pè."

Àwọn méjèèjì á sì wà lórí fóònù bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa tirẹ̀.